ÌTÀN ÌGBÉSÍ AYÉ BÍṢỌ́Ọ̀BÙ SAMUEL ÀJÀYÍ CROWTHER: ẸNI TÍ ÌPỌ́NJÚ KÒ LÈ GBA ÌGBÀGBỌ́ LỌ́WỌ́ RẸ̀

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí yìí jókòó, a bi ara wa léèrè pé ìtàn ta ni a ó fi sínú rẹ̀ lọ́dún yìí. Àwọn kan dárúkọ àwọn bàbá wa ìgbà ìṣáájú nínú ìjọ Aládùúrà, ìyẹn náà sì dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wo àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ àdúrà tó ń wọlé sí ọ́fíìsì ìjọ, a rí i pé ìbéèrè kan ló pọ̀ jù nínú wọn: kí ni ènìyàn yóò ṣe nígbà tó ti gbààwẹ̀, tó ti gbàdúrà, tó ti ṣe ìṣọ́ òru, tí ọ̀ràn náà kò sì tíì kúrò nílẹ̀? Ìbéèrè kejì wà tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ kọ sínú ìwé, wọn a kàn wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ìsìn: kí ni ènìyàn yóò ṣe bó bá jẹ́ pé inú ìjọ gan-an ni ìpọ́njú ti bá a? Nítorí ìbéèrè méjèèjì yìí ni a ṣe mú ìtàn Bàbá Crowther.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé oníjọ Áńgílíkà ni bàbá yìí, pé kò kàn wá. Ó kàn wá o! Bíbélì Yorùbá tí a ń ṣí ní ilé àdúrà, Sáàmù tí a ń kà sórí omi, ọwọ́ bàbá yìí wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú jà ní ọdún 1918, tí àwọn kan láti inú ìjọ St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti máa gbàdúrà, Bíbélì èdè wa ló wà lọ́wọ́ wọn. Láti inú irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ni àwa Aládùúrà ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá mu omi, kó má gbàgbé ẹni tó gbẹ́ kànga.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI ỌJỌ́ TÍ OGUN DÉ

Ìlú Òṣoògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ni a ti bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1809. Orúkọ rẹ̀ ti fi hàn pé ó dojú bolẹ̀ wá sáyé. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ilé náà kò ṣàìní, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, ọmọ náà sì ń dàgbà láàárín ẹbí rẹ̀ bí gbogbo ọmọ ilé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́ ń túká, ogun dé. Àárọ̀ ni, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Oúnjẹ àárọ̀ ni àwọn obìnrin ń sè, kò sí ẹni tó ń ronú ìjà. Kí ojú tó mọ́ wọn dáadáa, àwọn ọmọ ogun ti yí ìlú ká: àwọn kan láti Ọ̀yọ́, àwọn Fúlàní, àti àwọn ẹrú tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Bàbá Àjàyí sáré wọlé, ó ní kí wọ́n tètè sá, ó sì padà síbi tí àwọn ọkùnrin ti ń jà. Ìgbà ìkẹyìn tí ọmọ náà fojú kan bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Àjàyí pọn ìkókó sẹ́yìn, ó fa àwọn ọmọ yòókù lọ́wọ́, wọ́n gba inú igbó ẹlẹ́gùn-ún. Ẹ̀gún ń já ẹrù kúrò lórí àwọn obìnrin, àwọn ọmọ ń ké. Wọn kò lọ jìnnà tí ọwọ́ fi tẹ̀ wọ́n. A sọ okùn sí wọn lọ́rùn bí ẹni ń da ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Bí wọ́n ti ń lọ ni wọ́n ń wẹ̀yìn, tí wọ́n ń rí èéfín ìlú wọn.

Ìyá tó ń ka ìtàn yìí, a mọ̀ pé o mọ ohun tí à ń wí.

INÚ ÌGBÈKÙN

Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, a pín wọn bí ẹni pín ẹrù. Àjàyí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bọ́ sọ́wọ́ ìjòyè kan, ìyá rẹ̀ àti ìkókó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Ẹ gbọ́ o: ọmọ ènìyàn, ẹṣin kan! Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹṣin náà kò tẹ́ olówó lọ́rùn mọ́, wọ́n bá dá a padà, wọ́n sì gba ọmọ wọn. Àṣé Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí ìlú tí wọ́n gbé e lọ lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ló tún ti bá ìyá rẹ̀ àti ìkókó pàdé. Fún oṣù bíi mẹ́ta, ó ń rí ìyá rẹ̀ bó bá lọ gé koríko ẹṣin tó dé. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n rán an níṣẹ́ lọ sí ilé kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dì í lókùn. Kò lè dágbére fún ìyá rẹ̀. Ó di ọjà Ìjàyè.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ kan ń tà á fún ọwọ́ kejì. Ó bọ́ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó fẹ́ kó máa bá ọmọ òun ṣeré. Ojú kò pọ́n ọn púpọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò tà á fún àwọn Potogí, tí ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn kì í padà. Àárẹ̀ ọkàn mú un débi pé ó pinnu láti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ lóru. Kò lè ṣe é. Nígbà tó ṣe, ó tún rò ó pé bí àwọn bá ń sọdá omi nínú ọkọ̀, òun yóò fò sínú odò. Ìyẹn náà kò ṣẹlẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Bàbá tó di Bíṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún, ni ayé sú tó báyìí nígbà èwe rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ń wá sí ọkàn rẹ̀, a bẹ̀ ọ́, má dá jókòó tì í. Wá bá Wòólì, wá bá ìyá àdúrà, bí ó bá jẹ́ aago mẹ́ta òru, kan ilẹ̀kùn wa. Kò ní jẹ́ ìtìjú láéláé. Àjàyí kò tíì gbọ́ orúkọ Jésù nígbà náà, ṣùgbọ́n Ẹni tó dá a ti mọ ibi tí òun ń mú un lọ.

Nígbà tó yá, wọ́n fi tábà, ọtí àti àwọn ọjà mìíràn rà á, wọ́n sì gbé e dé Èkó. Fún oṣù mélòó kan, ó wà nínú àgọ́ ẹrú. Ẹ̀wọ̀n kan náà ni wọ́n fi so ọmọdé àti àgbà mọ́ra lọ́rùn. Bí àwọn ọkùnrin bá fẹ́ yí padà lóru, tàbí tí wọ́n bá ń jà, ọrùn àwọn ọmọdé ni ẹ̀wọ̀n náà ń há. Lẹ́yìn èyí, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, àwọn ẹrú 187 nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo.

ÌDÁǸDÈ LÓJÚ ÒKUN

Ọkọ̀ náà kò tíì lọ jìnnà tí ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi mú un ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹrin, ọdún 1822. Myrmidon ni orúkọ ọkọ̀ ogun tó gba Àjàyí, Henry Leeke sì ni ọ̀gá inú rẹ̀. Ẹ rántí orúkọ ọkùnrin yìí, a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Ẹ má rò pé inú àwọn ọmọ náà dùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ló bà wọ́n. Wọ́n rí ẹran tí a gbé kọ́ nínú ọkọ̀, wọ́n ní ara ènìyàn ni. Wọ́n rí ọta ìbọn ńlá tí a tò jọ, wọ́n ní orí ènìyàn ni, pé àwọn ló kàn. Ìgbà tí Àjàyí sún mọ́ ọn, tó rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀, ni ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀ díẹ̀. Ará, ìgbà mìíràn wà tí ìdáǹdè wa ti dé, tí a sì ń bẹ̀rù rẹ̀, nítorí ìyà ti jẹ wá tó bẹ́ẹ̀ tí a kò mọ ojú oore mọ́.

NÍ ILẸ̀ SÀRÓ

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹfà, 1822, wọ́n gúnlẹ̀ sí Freetown. Wọ́n mú Àjàyí lọ sí abúlé Bathurst, níbi tí àwọn ajíhìnrere ẹgbẹ́ C.M.S. ń kọ́ àwọn tí a gbà lóko ẹrú. Láàárín oṣù bíi mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Ó tún kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá, 1825, Àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un, a sì fi orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù pè é, ìyẹn Samuel Crowther. Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ gbà pé ìdáǹdè méjì ni òun rí: ti ara láti inú ọkọ̀ ẹrú, àti ti ọkàn láti inú ẹ̀ṣẹ̀, èyí kejì ló sì tóbi jù.

Ní 1827, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ó fẹ́ Àṣánò, tí wọ́n sọ ní Susan nígbà ìrìbọmi, tí òun náà jẹ́ ẹni tí a gbà lóko ẹrú. Ó di olùkọ́. Ní 1841, ó bá àwọn òyìnbó gun Odò Ọya lọ. Ibà pa àwọn òyìnbó inú ìrìn àjò náà bí ewé, ṣùgbọ́n Ọlọ́run dá Crowther sí. Ní 1843, a fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1843 kan náà ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde.

BÓ TI PÀDÉ ÌYÁ RẸ̀

Ìbí yìí ni ìtàn náà ti dùn jù, ẹ jẹ́ kí a rọra sọ ọ́.

Ní oṣù Kìíní, 1845, Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé Bádágírì, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Kíá ni ìròyìn dé pé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó ti ṣèlérí láti gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ti kú. Ọ̀nà dí. Fún ọdún kan àti ààbọ̀, wọ́n wà ní Bádágírì, wọn kò lè lọ síwájú. Ẹlòmíràn ì bá ti padà sí Sàró. Crowther ń wàásù, ó ń kọ́ ọmọ níwèé, ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Kò fi ìdúró ṣe àìríṣẹ́ ṣe. Ní 1846, ọ̀nà là, wọ́n wọ Abẹ́òkúta.

Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ, 1846, obìnrin àgbàlagbà kan wọ ọgbà ilé rẹ̀ pẹ̀lú ọbàkan rẹ̀ kan. Àfàlà ni, ìyá rẹ̀! Ó ti lé ní ọdún 25 tí a ti gbà á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n di mọ́ ara wọn. Wọn kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wo ara wọn, ara ìyá ń gbọ̀n, omijé ń bọ́ lójú wọn. Wọn a sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọn a tún dákẹ́. Ìyá náà ti jẹ ìyà, ó ti bọ́ sí oko ẹrú lẹ́ẹ̀kan sí i kí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin tó rà á padà. Kò fi ìgbà kan rò pé ọmọ òun ọkùnrin ṣì wà láyé.

Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kejì, 1848, Àfàlà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta. Hánà ni wọ́n sọ ọ́, bí ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ẹ wo bí Ọlọ́run ti ń ṣe iṣẹ́ Rẹ̀: ọmọ ti ń jẹ́ Samuel fún ọdún 22 kí ìyá tó di Hánà.

IṢẸ́ BÍBÉLÌ ÀTI ÌJÀǸBÁ INÁ

Iṣẹ́ tí a kò lè gbàgbé lọ́wọ́ bàbá yìí ni Bíbélì Yorùbá. Kì í ṣe òun nìkan ló ṣe é, Thomas King àti àwọn mìíràn bá a ṣe é, ṣùgbọ́n òun ni òpó ilé. Kì í kàn mú ọ̀rọ̀ tó bá rí. A máa jókòó ti àwọn àgbà, a máa tẹ́tí sí bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ níbi òkú, níbi ìgbéyàwó, níbi ẹjọ́, kó lè rí ọ̀rọ̀ tó bá ti Ọlọ́run mu gan-an. Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Ní 1851, ó dé iwájú Ọbabìnrin Victoria ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ka Àdúrà Olúwa ní èdè Yorùbá fún ọbabìnrin náà gbọ́.

Ṣùgbọ́n ní 1862, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó. Àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó ti ń kó jọ fún ọdún 11, àti àwọn ìwé tó ń túmọ̀ lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ di eérú. Ó jẹ́ ẹni tó máa ń gbé àwọn ìwé náà káàkiri bó bá ń rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà kò gbé wọn dání. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kọ ìwé rí, tí kò ní ẹ̀dà kejì, á mọ irú àdánù yìí. Àwa tí à ń tọ́jú ìwé ìjọ, orí wa wú nígbà tí a kà á. Crowther kò fi í sílẹ̀. Ó tún mú kálámù, ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ní 1884, odidi Bíbélì Yorùbá parí. Láti Róòmù ọdún 1850 títí dé ibẹ̀, ọdún 34!

BÓ TI DI BÍṢỌ́Ọ̀BÙ

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, 1864, ní Canterbury, a fi Àjàyí ọmọ Òṣoògùn jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi sípò náà. Ta ni ó wà nínú èrò ọjọ́ náà? Henry Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ ogun tó gbà á ní 1822, tó ti di ọ̀gá ńlá nínú iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Obìnrin òyìnbó tó kọ́ ọ ní A, B, D ní Bathurst náà wà níbẹ̀, ó ti di opó Bíṣọ́ọ̀bù Weeks. Ọlọ́run tó!

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ tán. Ìjọ ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn òyìnbó ń darí, ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Èkó, wọn kò fi wọ́n sí abẹ́ rẹ̀, nítorí àwọn kan nínú àwọn ajíhìnrere òyìnbó kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú ṣe olórí wọn. Bíṣọ́ọ̀bù ni, ṣùgbọ́n ilé bàbá rẹ̀ kò sí lára oko rẹ̀. Ó gbà bẹ́ẹ̀, ó kọjú sí Odò Ọya. Kò ní ọkọ̀ tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ló ń wọ̀, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń lọ. Ní 1867, ìjòyè kan ní agbègbè Ìdá dá òun àti ọmọ rẹ̀ Dandeson dúró, ó ní àfi kí wọ́n san owó ìràpadà. Òyìnbó aṣojú ìjọba tó wá gbà wọ́n sílẹ̀, ọfà olóró ló pa á. Ẹni tó ti ṣe ẹrú ní ọmọdé tún di ìgbèkùn ní ẹni ọdún bíi 58. Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ní Bonny náà, wọ́n ṣe inúnibíni sí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ láàárín ọdún 1870 sí 1880, àwọn kan kú nítorí wọn kò fẹ́ padà sí ìbọ̀rìṣà.

ÌPỌ́NJÚ ỌJỌ́ ALẸ́

Àgbà kì í fẹ́ kí ọjọ́ alẹ́ òun korò. Ní 1880, Susan, aya ìgbà èwe rẹ̀, kú. Ní àkókò yìí kan náà ni ẹjọ́ ń dé sí Lọ́ńdọ̀nù nípa àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lórí Odò Ọya. A kò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run: àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà hùwà tí kò tọ́, àwọn mìíràn jẹ́ kí òwò gba ọkàn wọn. Bíṣọ́ọ̀bù náà sì jẹ́ onínú tútù, kì í tètè lé ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tó dé lẹ́yìn náà kò ya èrè oko kúrò lára èpò. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí ohun rere kan nínú iṣẹ́ tí bàbá náà ṣe.

Ní oṣù Kẹjọ, 1890, ìgbìmọ̀ pàdé ní Onitsha. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún jókòó, àwọn tí ó tó bí lọ́mọ tó sì tó ní lọ́mọ-ọmọ ń bi í ní ìbéèrè. Lójú rẹ̀ ni wọ́n ti dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, Dandeson ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ Akídíákónì, wà nínú wọn. Bàbá náà sọ pé kò tọ́ bẹ́ẹ̀, pé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn. Wọn kò dá a lóhùn. Ó kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà.

Ẹ̀yin ará, ẹ dúró kí ẹ gbé e yẹ̀ wò. Àwọn tó kó o lẹ́rú, aláìgbàgbọ́ àti àjèjì ni wọ́n. Iná tó jó ilé rẹ̀, iná ni. Ṣùgbọ́n èyí, àwọn tó ń jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ni. Bí ọ̀tá bá ṣe ni, ènìyàn á fara dà á. Bí ará bá ṣe ni, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ju Bíbélì sílẹ̀. Nínú ìjọ tiwa náà, a mọ àgbà tí a gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò wọ ilé Ọlọ́run mọ́ títí ó fi kú. Ó ń dùn wá di òní, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹjọ́ jẹ̀bi àwa tí a gba ipò náà. Ó kú láìsí orin ìjọ létí rẹ̀.

Kí ni Crowther ṣe? Kò gbé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn òyìnbó lé Jésù lórí. Kò sì díbọ́n pé kò dun òun. Ó kúrò nínú ìgbìmọ̀, kò kúrò nínú ìgbàgbọ́. Ó kọ̀wé ẹjọ́ rẹ̀ bó ti yẹ, lẹ́yìn náà ó ń ṣètò bí àwọn ìjọ Bonny àti agbègbè rẹ̀ yóò ti máa bọ́ ara wọn láìgbẹ́kẹ̀ lé owó òkè òkun. Ní 1891, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 1891, ní Èkó, ní ọjọ́ tí ọdún ń parí, ó sùn nínú Olúwa.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LẸ́YÌN RẸ̀

Òyìnbó ni wọ́n fi sípò rẹ̀. Bí ìtàn bá parí síbẹ̀, à bá sọ pé bàbá náà pàdánù. Ṣùgbọ́n ní 1892, ìjọ agbègbè Bonny bẹ̀rẹ̀ sí dá dúró lábẹ́ Dandeson, ọmọ tí wọ́n ní kò wúlò. Láti inú ìjọ yẹn ni Garrick Braide ti jáde ní nǹkan bí 1915, ẹni tó fi àdúrà àti ààwẹ̀ wo àwọn aláìsàn sàn, tó sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ti Kristi. Aládùúrà, ẹ ò rí i bí okùn náà ti gùn tó?

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, 2014, tó pé ọdún 150 tí a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, Justin Welby, tọrọ àforíjì ní gbangba nínú ṣọ́ọ̀ṣì Canterbury kan náà nítorí ìwà tí ìjọ rẹ̀ hù sí bàbá náà. Ó ti kú láti ọdún 122. Òtítọ́ a máa pẹ́ kó tó dé ọjà, ṣùgbọ́n kì í sùn sọ́nà.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Èkíní, kì í ṣe gbogbo ìpọ́njú ló jẹ́ àmì pé ẹ̀ṣẹ̀ wà tàbí pé ìgbàgbọ́ kò tó. Ẹ jẹ́ kí àwa Aládùúrà ṣọ́ra kí a má máa sọ bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn àti àgàn. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ ọdún 12 ṣẹ̀ ní Òṣoògùn?

Èkejì, àdúrà a máa ní ìgbà tirẹ̀. Ọdún 25 ni ti ìyá Àjàyí, ọdún kan àti ààbọ̀ ni ti ọ̀nà Abẹ́òkúta, ọdún 34 ni ti Bíbélì. Ẹni tó ń dúró kó rí iṣẹ́ ṣe níbi ìdúró rẹ̀, bí Crowther ti ṣe ní Bádágírì.

Ẹ̀kẹta, bí ìjọ bá dùn ọ́, sọ ọ́ síta fún ẹni tó yẹ kó gbọ́. Má dákẹ́ kí o sì máa ru ú kiri nínú. Ṣùgbọ́n má ṣe fi ìbínú ènìyàn bá Ọlọ́run jà. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí àga nínú ìjọ, àwa náà wà lára yín, ẹ jẹ́ kí a tọrọ àforíjì nígbà tí ẹni tí a ṣẹ̀ ṣì wà láyé láti gbọ́ ọ. Kí a má jẹ́ kó di ọdún 122.

Ìdí rèé tí ìgbìmọ̀ fi pinnu pé lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́ ọdún yìí, a ó lọ kí àwọn ọmọ ìjọ tó ti fi inú bínú jókòó sílé. A kò lọ dá ẹjọ́, a lọ bẹ̀bẹ̀ ni. Ẹ bá wa gbàdúrà sí i.

Ọlọ́run Àjàyí, tó mú un la ẹ̀wọ̀n, omi, iná àti ẹ̀gàn kọjá, yóò mú àwa náà la tiwa kọjá. Ẹni tó ń sunkún láàárín wa yóò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń wá ìyá yóò rí ìyá, ẹni tó ń wá ọmọ yóò rí ọmọ. A ó tún pàdé ní àyájọ́ ọdún tó ń bọ̀ láìdín, ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín, Àṣẹ.

Akọ̀wé Ìjọ,
fún Ìgbìmọ̀ Ìwé Ìrántí